Lójú ọ̀nà kòkó: láti Dùgbẹ̀ dé Ìdànrè

Ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbà láyé ọjọ́un, Dùgbẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Kòkó ṣì dúró síbẹ̀ gbagidi, àjà 26. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, Ilé Àwọn Àgbẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1992. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù nítòsí ibẹ̀ pé owó ta ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Ó ní owó ìjọba. Mo ní rárá o, owó àwọn bàbá wa ni, owó kòkó, owó rọ́bà, owó igi gẹdú. Ó tún ilé náà wò, ó ní, "Ṣé wọ́n wá fún wọn ní yàrá kankan níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri. Ilẹ̀ wa dára, òjò ń rọ̀ sí i, àwọn èèyàn wa ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, síbẹ̀ ìṣẹ́ kò kúrò ní abúlé tí kòkó ti ń jáde. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni àgbẹ̀. Àwọn kan á ní orí ilẹ̀ Áfíríkà ni kò dára. Mi ò gba ìkankan gbọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó ń dá iye lé ọjà, ẹni tó di owó mú, àti bóyá ẹni tó làágùn láṣẹ láti bi wọ́n léèrè, ibẹ̀ ni ọlà tàbí òṣì orílẹ̀-èdè ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkó ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ìtàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, àwọn tó ṣojú wọn kò sì tíì kú tán.

Ṣáájú ogun Hitler, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bí UAC àti John Holt ló ń ra kòkó. Ní 1937 wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò gbọ́dọ̀ fowó lé tẹnì kejì. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, fárígá, wọ́n kọ̀, wọn ò ta kòkó mọ́, àfi ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní 1938 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ogun dé, ìjọba fúnra rẹ̀ gba ọjà náà. Nígbà tí yóò fi di 1947, ó ti gbé Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù kòkó kalẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast. Ìlérí tó bá a wá dùn létí: bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, a ó tọ́jú díẹ̀ pa mọ́, bó bá já wálẹ̀, a ó fi èyí tí a tọ́jú gbé àgbẹ̀ ró. Láti ìgbà náà, Bọ́ọ̀dù nìkan ló lè ta kòkó sókè òkun. Iye tó bá dá lé e ni àgbẹ̀ máa gbà. Ní 1954 wọ́n pín Bọ́ọ̀dù fún àwọn ẹkùn, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìbàdàn.

Owó náà ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tó 460,000 ní 1954 di 811,000 láàárín ọdún kan. Ìyá mi wà nínú wọn, ọmọ àgbẹ̀ ni. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1959, pápá ìṣeré Liberty dé ní 1960, Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962. Ìjọba tó mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ wọn ló máa dìbò fún òun ló ná owó báyìí.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ oko kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà yọ ẹni tó jókòó sí Bọ́ọ̀dù. Ìjọba ló ń yàn wọ́n, ìjọba náà ló ń yá owó lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ Coker tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde ní 1962 rí i pé owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn gba inú National Investment and Properties Company, ilé-iṣẹ́ tí Bọ́ọ̀dù yá lówó, dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Òṣèlú wà nínú bí wọ́n ṣe gbé ìgbìmọ̀ náà dìde, gbogbo wa mọ̀, àmọ́ òṣèlú kò sọ pé kí owó má rìn níbi tó rìn. Nígbà tí kòkó wá já lulẹ̀ lágbàáyé ní 1965, ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó dè dé. Kàkà kí Bọ́ọ̀dù gbé àgbẹ̀ ró, ńṣe ló gé owó tó ń san fún un. Èyí tó pọ̀ nínú owó ìpamọ́ ti di owó tí a yá jáde. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, ó ju ti ẹgbẹ́ òṣèlú lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akánrán

Mo wọ Micra láti Ìbàdàn, àwa márùn-ún pẹ̀lú ẹrù ẹ̀gẹ́. Bàbá tí mo wá rí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, kí n má fi aṣọ funfun nulẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà lo fẹ́ gbọ́? Wá jókòó dáadáa."

Àgbẹ́kọ̀yà ni ìjà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bá ìjọba jà ní 1968 sí 1969 lórí owó orí. Ohun tí mo rò pé ó máa fi bẹ̀rẹ̀ ni ìbọn. Omi mímu ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wòlé-wòlé á wọ abúlé láàárọ̀, á ṣí ìkòkò omi ìyá rẹ̀, á bu omi sínú igbá funfun, á gbé e síbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀, á máa wá tanwíji. Bí tanwíji bá wà, owó ìtanràn ni. Bí kò bá sí, á yí igbá náà títí á fi rí ohun kan tó ń mira níbẹ̀. "Ìyá mi á máa wo ọwọ́ rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ni bàbá wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bí ẹni tó di igbá mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè sọ pé o purọ́. Ta lo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún? Ọ̀gá rẹ̀ ló ń jíṣẹ́ fún."

Lẹ́yìn wòlé-wòlé, àwọn tó ń yẹ kòkó wò á dé. Wọ́n á ní kòkó yìí kò gbẹ, kòkó yìí ti bu, títí ọwọ́ ẹni tó ni í á fi lọ sápò. Akọ́dà ló máa ń dé kẹ́yìn, ní ìdájí, torí owó orí. Ọkùnrin tí kò bá ní rìsíìtì á sá wọ inú kòkó lọ sùn. Bàbá ní ìgbà kan wà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò àwọn sùn sínú oko, àwọn obìnrin nìkan ló kù nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀. Ọgbọ̀n ṣílè, òkè mẹ́fà, ni wọ́n ní àwọn lè san, kì í ṣe pọ́n-ùn mẹ́ta àti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba fi owó kún kòkó, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fìyà jẹ abúlé kúrò. Ní oṣù kọkànlá 1968 wọ́n wọ́ lọ sí Mápó, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Tafa Adéoyè, tó jẹ́ olórí wọn, ni Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá sọ̀rọ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ gbà pé kí owó orí di pọ́n-ùn méjì, kí wọ́n sì yéé fipá gbà á.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di ìtàn oògùn àti ayẹta. Mo gbọ́ ti oògùn náà lẹ́nu bàbá, mi ò sì bá a jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀dù ti kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ lára kòkó kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, owó orí wá tún dé bá èyí tó kù. Ológun sì ti gbàjọba láti oṣù kìíní 1966, kò sí ilé aṣòfin mọ́, kò sí ìbò mọ́. Kánsẹ́lọ̀ tó ń jẹ owó abúlé, kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́. Ẹni tí kò ní ìbò, tí kò sí ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ tirẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan lójú ìjọba, ibo ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ gbà?

Kí n tó lọ, bàbá ka orúkọ àwọn tó kú fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ilé tí oníkálukú ti wá. Mi ò kọ wọ́n síbí. Mo bi í bóyá ìjọba tún padà wá gba owó orí. Ó ní, "Wọ́n ò wá mọ́. Láti ìgbà tí owó epo ti dé, wọn ò wá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àwa náà ò rí wọn." Mo ronú sí èyí gan-an lójú ọ̀nà padà. Ìjọba tí kò nílò owó rẹ kò nílò kó gbọ́ ohùn rẹ. Àgbẹ̀ Akánrán fi ẹ̀mí gba owó orí tó dín kù, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìjọba rí owó tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ níbòmíràn, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́rú, Ìdí Ayùnrẹ́

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Láti 1964 ló ti dá dúró. Kí ó tó dìgbà náà, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Tafo ní Gold Coast ni iṣẹ́ náà wà. Wọ́n fi ọgbà irúgbìn hàn mí, àwọn ọ̀gbìn kéékèèké nínú ọ̀rá dúdú, ẹ̀yà tuntun mẹ́jọ tí wọ́n ṣe tó ń tètè so. Òṣìṣẹ́ tó mú mi kiri mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú egungun. Ó fi ìka han mí bí a ṣe ń dá àrùn ewé mọ̀ kí èso tó dúdú. Kò sí ohun tó ṣe ìmọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀, ní 1970 sí 1971, Nàìjíríà kórè kòkó tó lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù. Ní àárín àwọn ọdún 1980, kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Ilẹ̀ kò yí padà, òjò kò sì ṣí lọ. Ohun tó yí ni pé ìjọba àpapọ̀ gba agbára lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, ó sì sọ Bọ́ọ̀dù di ẹyọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1977. Ní àsìkò kan náà, owó epo gbé náírà ga tó bẹ́ẹ̀ tí náírà kan fi ju dọ́là kan lọ ní 1980. Ó dùn mọ́ ẹni tó ń ra mọ́tò láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní dọ́là ni wọ́n ń ta kòkó àgbẹ̀ lókè òkun, ó ń gba náírà díẹ̀, ó sì ń fi náírà yẹn sanwó fún alágbàṣe tí Èkó ń fà lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣírò o. Wọ́n lọ.

Gánà rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1964 sí 1965 wọ́n kórè tó 560,000 tọ́ọ̀nù, àwọn ni wọ́n ṣíwájú lágbàáyé. Bọ́ọ̀dù wọn ń san owó tí kò tó nǹkan, owó wọn ń bàjẹ́, àwọn àgbẹ̀ ẹnu ibodè sì ń gbé kòkó wọ Ivory Coast lóru. Ní 1983 sí 1984, nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù ló kù. Iná igbó àti ọ̀dá ọdún náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi tí a kò tún gbìn láti ogún ọdún kò lè so.

Nírọ̀lẹ́, nílé ìtura, ẹnì kan ní ohun àlùmọ́nì ló ń ba Áfíríkà jẹ́, pé ègún ni. Mo sọ ti Botswana fún un. Nígbà tó gba òmìnira ní 1966, ó wà lára àwọn tó tòṣì jù láyé. Wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa ní 1967. Seretse Khama, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, tí ìran rẹ̀ ń jọba lórí ilẹ̀ Bamangwato, fara mọ́ òfin pé ohun tó wà nínú ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Ìdìbò kò dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti 1965, ilé aṣòfin ló sì ń fọwọ́ sí ètò tí wọ́n fi ń ná owó náà. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń ka Botswana mọ́ àwọn tálákà ayé. Wọ́n ní ìṣòro tiwọn, àìníṣẹ́ pọ̀, dáyámọ́ńdì kò sì tà mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Àmọ́ ẹ má pè é ní ègún.

Ọjọ́bọ̀, Ilé-Ifẹ̀

Mo rin inú yunifásítì díẹ̀, mo wo àwọn ilé tí owó kòkó kọ́, tó ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló gbé mi wá sí Ifẹ̀.

Ìyá kan gbà mí lálejò ní oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Kòkó bàbá rẹ̀ ni, bàbá náà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kòkó tàbí owó. Láyé àtijọ́, ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó bá ń san án, kò sẹ́ni tó lè lé e. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ètò tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, ó sì gbé ọ̀pọ̀ kòkó ró nílẹ̀ Ifẹ̀. Òfin Ilẹ̀ 1978 wá sọ pé gómìnà ló ni àmójútó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ìṣákọ́lẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ ní irọ́ ni. Kò sí àkọsílẹ̀ tó máa là wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti 1997 sí 2000 ní ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀, ilẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ìyá yìí sọ bó ṣe rí kòkó tó ń jóná láti ọ̀nà jíjìn, kò sì fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dùn ún báyìí ni báńkì. Ó fẹ́ yá owó láti gé àwọn igi àgbà, kó tún gbìn. Wọ́n ní kó mú ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí wá. Ó ní, "Ọmọ mi, kòkó tí mo ti ń ká láti kékeré, tí bàbá mi fi rán wa nílé-ìwé, wọ́n ní kì í ṣe nǹkan. Wọ́n ní kí n lọ mú bébà." Iye tí wọ́n ní kó san kó tó rí ìwé náà, láti ọwọ́ ẹni tó ń wọn ilẹ̀ títí dé ọ́fíìsì, ju owó tó fẹ́ yá lọ. Ó fi apá kan oko náà dógò fún oníṣòwò kan ní ọjà. Ẹni náà ló ń ká a báyìí.

Mo wo igi kan níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí págunpàgun, èso mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀, méjì ti dúdú. Ìyá fi àdá tẹ èèpo ara rẹ̀ díẹ̀, ó ní ọjọ́ orí òun ló ní. Ìmọ̀ tó máa rọ́pò igi yẹn wà ní Ìdí Ayùnrẹ́, n kò tíì fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Owó wà ní báńkì nínú ìlú. Ilẹ̀ rèé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òfin ló dúró láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé tálákà ni wá torí a ò ní nǹkan, èmi á mú un wá sídìí igi yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà

Ilé-Ifẹ̀, Òkè-Igbó, Oǹdó, Àkúrẹ́. Ọkọ̀ akérò tí mo wọ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún àpò kòkó, a sì jọ ń dúró níbi gbogbo tí wọ́n ti na igi dí ọ̀nà. Awakọ̀ akẹ́rù náà ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kan, owó lọ́wọ́ kejì. Mo bi awakọ̀ wa ta ló ń san owó yẹn. Ó ní, "Ẹni tó gbin kòkó ni. Bí mọ́tò bá náwó sójú ọ̀nà, ta lẹ rò pé wọ́n á yọ ọ́ lára rẹ̀?" A kọjá oríta Ilé-Olújì, níbi tí iléeṣẹ́ tó ń lọ kòkó ti wà láti àárín àwọn ọdún 1980. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó wa ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èso lásán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìdànrè

Àwọn àlejò wá gun òkè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Èmi wọ ilé ìtajà kòkó kan ní ìsàlẹ̀, mo sì jókòó títí ọ̀sán.

Ọkùnrin kan gbé àpò mẹ́ta dé lórí ọ̀kadà. Oníṣòwò ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ láti ìsàlẹ̀, ó fún un létí ara rẹ̀. Kòkó tó gbẹ a máa dún káṣákáṣá, èyí tí kò gbẹ á dákẹ́. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó la èso kọ̀ọ̀kan sí méjì lórí pákó, ó tò wọ́n. Èyí tí wọ́n bò dáadáa pọ́n bí igi, ó sì là nínú. Èyí tí wọn ò bò pẹ́ ní àwọ̀ eléérú. Ó ka eléérú mẹ́rin. Ó gbé àpò kọ́ sikéèlì, ó yọ kílò kan fún àpò fúnra rẹ̀, ó yọ òmíràn fún omi. Àgbẹ̀ náà kò bá a jà. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi iye tí wọ́n ń rà á ní Àkúrẹ́ lówùúrọ̀ yẹn hàn án. Oníṣòwò rẹ́rìn-ín, ó fi owó kún un. Kò dé ti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ó kúrò níbi tó wà.

Ohun tí fóònù yẹn ṣe, Bọ́ọ̀dù kò ṣe é fún bàbá rẹ̀ rí. Láti 1986 tí Bábáńgídá ti pa Bọ́ọ̀dù rẹ́, iye òkè òkun ló ń wọlé tààrà. Lọ́dún 2024, nígbà tí kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, Ìdànrè rí owó tí kò rí rí. Àwọn ará Gánà ń wò. Iye tí COCOBOD, Bọ́ọ̀dù kòkó ti Gánà, dá lé tọ́ọ̀nù kan fún wọn ní oṣù kẹsàn-án 2023 jẹ́ 20,943 sídì. Wọ́n gbé e dé 33,120 ní oṣù kẹrin 2024, síbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí òkè òkun ń san nígbà náà, torí wọ́n ti ta ọ̀pọ̀ nínú kòkó náà ṣáájú ní iye tó kéré. Kòkó tún ń sá gba ẹnu ibodè, bíi ti 1983.

Ẹni tó bá dúró síbí á ní kí a máa dúpẹ́ pé Bọ́ọ̀dù kú. Mo bi àgbẹ̀ náà. Ó ní owó 2024 dára, àmọ́ nígbà tí iye já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó bá àwọn gbé e. Àwọn tó ti ra mọ́tò lórí àwìn padà wá ń ta kòkó tí kò tíì pọ́n. Owó oògùn tí òun fi ń fín kòkó, oníṣòwò yìí ló yá òun nígbà òjò, ìdí tí òun kò fi lè gbé àpò náà dé Àkúrẹ́ nìyẹn. Àti pé nígbà tí wọ́n pa Bọ́ọ̀dù, wọ́n pa ẹni tó ń tọ́jú dídára kòkó pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí kò mọ kòkó sí nǹkan ń rà á lọ láti fi kó dọ́là, wọ́n ń da tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lọ́jà ayé fún ìgbà pípẹ́. Ní Gánà, bí COCOBOD ṣe ń fìyà jẹ wọ́n tó nì, kò jẹ́ kí dídára kòkó wọn bàjẹ́.

Nítorí náà, mi ò bá ẹni tó ní kí ìjọba kó gbogbo rẹ̀, mi ò sì bá ẹni tó ní kí ìjọba gbé ọwọ́ kúrò pátápátá. Àwọn méjèèjì ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá àti ọmọ nínú ilé kan náà, kò sì sí èyí tó bi wọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Ìdànrè

Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan ṣèpàdé, wọ́n gbà kí n jókòó tì wọ́n. Irú ẹgbẹ́ báyìí ti wà nílẹ̀ wa láti àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ wọn ló sì pẹ́ ju àwọn ìjọba tó fẹ́ gbé wọn mì lọ. Wọ́n ní sikéèlì tiwọn, ọmọ ẹgbẹ́ kì í gbé kòkó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Akọ̀wé ka ìwé owó sókè, ó ń ka iye kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á. Bàbá kan dá a dúró lórí owó tí wọ́n fi tún táyà ṣe, wọ́n sì wá rìsíìtì náà títí wọ́n fi rí i kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ wá dórí pé àwọn ìjọba ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá irú Bọ́ọ̀dù kan padà. Ariwo sọ. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ó kú síbi tó kú sí, kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n kó igi ojú títì kúrò, kí wọ́n fún àwọn ní ìwé ilẹ̀, àwọn á ṣe ìyókù. Ìyá àgbà kan tó jókòó lọ́wọ́ iwájú kò gbà. Ó ní nígbà tí iye já, ọwọ́ òun nìkan ló bọ́ sí, òun fẹ́ ibi tí owó ìpamọ́ máa wà. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa dá a padà, àwa la máa yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó máa jókòó síbẹ̀. Kí gómìnà kankan má lè yá nínú owó náà. Kí wọ́n sì máa kà á sétí wa lọ́dọọdún bí a ṣe ń ka tiwa yìí." Ìyá yìí ni mo gbè lẹ́yìn, mo sì sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bi mí. Mo sọ ohun tí Coker rí ní 1962, mo sọ ti 1965. Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ ń mi orí.

Wọ́n pinnu pé àwọn máa kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣojú wọn nílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ohun mẹ́ta tí ìyá àgbà sọ wọ inú ìwé náà, ti ọ̀nà, ti igi ojú títì àti ti ìwé ilẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo kà á sókè fún wọn. Wọ́n ní kí n yọ "a ń bẹ̀bẹ̀" kúrò níbi méjì, kí n fi "a ń béèrè" sí i. Wọ́n yan ẹni mẹ́ta tó máa gbé e lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n sì dá owó ọkọ̀ wọn níbẹ̀.